Olè Ti Jáde, Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé Ṣì Wà ní Ṣíṣí

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àpótí ímeèlì tí olè ti wọ̀, àti iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí onílé bá ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.

Ní oṣù kejì ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ Jack Straw, mínísítà ètò ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, rí lẹ́tà kan gbà láti inú àpótí ímeèlì rẹ̀. Lẹ́tà náà ní Èkó ni mínísítà wà, pé àpamọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ nù, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi 3,000 dọ́là ránṣẹ́ kí ó lè rí ọ̀nà padà sílé. Straw kò sí ní Èkó rárá. Àwọn oníjìbìtì ló ti gba àpótí lẹ́tà rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó fọkàn tán an.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Nàìjíríà ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọmọ Yahoo, Gánà ń pe iṣẹ́ náà ní sakawa, àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n ní brouteur. Ní Benin, gayman ni orúkọ wọn, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Orúkọ yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe nígbà tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí gbogbo Ṣábẹ̀ ní Benin níbí ń pè ní mot de passe, wọ́n á mí kanlẹ̀, ó parí. Ó dà bí ìgbà tí olè wọlé lóru, tí onílé sáré pe káfíńtà láàárọ̀ kí ó wá pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà, tí kò wo fèrèsé, tí kò dé ẹ̀yìnkùlé, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí olè ń ṣe nínú ilé láti aago méjì òru títí di aago márùn-ún.

Ohun tí olè ń ṣe nínú ilé yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn olùwádìí Google gbé iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn olè tó ń fi ọwọ́ ara wọn tú àpótí ímeèlì ènìyàn. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rọ̀ ìwọlé ènìyàn márùn-ún bá bọ́ sọ́wọ́ olè, yóò ti wọ inú àpótí ẹnì kan nínú wọn kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Bí ó bá wọlé, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ń wò ó bóyá owó wà níbẹ̀: á wá lẹ́tà báńkì, á wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó fífiránṣẹ́. Bí àpótí náà bá lówó lórí, á jókòó. Ìwádìí náà dárúkọ Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire lára àwọn ibi tí àwọn olè náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún sọ ohun kan tó yẹ kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ gbọ́: ewu tó wà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n jà lólè tó ìlọ́po 36 ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ Unatrac yóò jẹ́ kí èyí yéni dáadáa. Unatrac Holding Limited ni ọ́fíìsì tó ń ta katakata àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀ Caterpillar sí òkèèrè láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀gá tó ń mójú tó ìṣúná níbẹ̀ tẹ ìlujá kan, ìyẹn lien, tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ojú ewé tó ṣí jọ ti Office 365 gẹ́lẹ́, ó kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ síbẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ olè ló kọ ọ́ lé. Láti ọjọ́ kẹfà sí ogúnjọ́ oṣù náà, àwọn olè wọ àpótí rẹ̀, ó kéré tán, ìgbà 464. Orí íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní ìgbà tó pọ̀ jù.

Wọ́n ka lẹ́tà. Wọ́n wo bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń béèrè owó, bí ó ṣe ń san án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ inú ètò àpótí náà, wọ́n sì gbé asẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń sẹ́ ògì mọ iṣẹ́ asẹ́: omi á kọjá, eérí á dúró. Asẹ́ tiwọn yí i po. Lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná wá, á sàmì sí i bí ẹni pé ọ̀gá ti kà á, á sì gbé e lọ sínú fóldà tí ọ̀gá kì í yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń béèrè nípa ìwé owó, ọ̀gá kò rí ìbéèrè kankan, ẹlòmíràn ló ń lo orúkọ rẹ̀ láti pàṣẹ pé kí wọ́n sanwó. Láàárín ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ kọkàndínlógún, ìsanwó 15 jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 11 dọ́là.

Obinwanne Okeke ni wọ́n mú fún ọ̀rọ̀ náà. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà ni, ẹni tí ìwé ìròyìn Forbes Africa ti kà mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tàn ní Áfíríkà lọ́dún 2016. Ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní oṣù kejì ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ká ní ọ̀gá náà pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí asẹ́ yẹn? Kò sí nǹkan tí yóò ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ń tún ẹnu ọ̀nà ṣe, kì í kan ohun tí olè ti gbé kalẹ̀ nínú yàrá.

Oníṣẹ́ ọnà kan láti Àríwá Ireland, David Airey, mọ èyí lára. Ní ìparí ọdún 2007, nígbà tó wà ní ìsinmi ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹnì kan gba orúkọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó wádìí, ó bá asẹ́ kan nínú ètò Gmail rẹ̀, èyí tí òun kọ́ ló fi síbẹ̀, tó ń ta lẹ́tà rẹ̀ lọ sí àdírẹ́sì olè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn onímọ̀ ti kéde pé ihò kan wà lára Gmail tí olè lè gbà gbé irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, Google sì dí ihò náà. Ihò dí, asẹ́ tó ti gbabẹ̀ wọlé kò jáde. Bí Airey kò bá fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí asẹ́ ń gbé, ì bá máa pín lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú olè títí di òní.

Ó tó àkókò láti wá sílé. Ká ní obìnrin kan wà ní Ṣábẹ̀ tó ń ṣòwò kajú. Ó ń kó kajú jọ láti àwọn abúlé, oníbàárà rẹ̀ wà ní Kútọnú, inú ímeèlì ni wọ́n ti ń bára wọn sọ iye àpò àti nọ́ńbà báńkì. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Parakou.

“Àbúrò, kí ló dé tí o fi ń kọ̀wé tọrọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fráǹkì lọ́wọ́ mi?”

Ọkàn rẹ̀ já. Kò kọ lẹ́tà kankan. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pààrọ̀ mot de passe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní CEG yà sílé rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání.

“Tàǹtí, fóònù nìkan kò lè ṣe é,” ni olùkọ́ wí. Òótọ́ ló sọ. Nínú áàpù Gmail tó wà lórí fóònù, ibi tí asẹ́ àti ètò tó ń ta lẹ́tà lọ síbòmíràn ń gbé kò hàn. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń rí i, tàbí kí ènìyàn ṣí Gmail nínú Chrome lórí fóònù, kí ó sì yan “Version pour ordinateur”. Ìdí nìyí tí asẹ́ olè fi ń pẹ́ ní ìlú tó jẹ́ pé fóònù ni gbogbo ènìyàn fi ń ka lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí a fọkàn tán. Nínú cyber, níbi tí a ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè ti fi ètò kan sínú ẹ̀rọ tó ń kọ gbogbo bọ́tìnnì tí a bá tẹ̀ sílẹ̀; ẹni tó bá lọ tún ilé rẹ̀ ṣe níbẹ̀ lè fi kọ́kọ́rọ́ tuntun lé olè lọ́wọ́.

Ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ wò ni àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí náà. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé Gmail, lápá ọ̀tún, lẹ́tà kéékèèké kan wà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n lo àpótí náà kẹ́yìn, “Détails” sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á fi wákàtí, irú ẹ̀rọ àti orílẹ̀-èdè hàn. Nínú àkáǹtì Google fúnra rẹ̀, lábẹ́ “Sécurité”, orúkọ gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé ni a ó rí. Èyí tí onílé kò bá mọ̀, kí ó lé e jáde. Ìlú tó bá hàn níbẹ̀ kò ní láti dẹ́rù bani ṣáá: fóònù tó wà ní Ṣábẹ̀ lè hàn bí ẹni pé Kútọnú ló wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá fi orílẹ̀-èdè tí kò dé rí hàn, tàbí irú fóònù tí kò ní rí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà àti ímeèlì tí a fi ń gba àpótí padà bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Olè gbọ́n, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á yọ nọ́ńbà onílé, á fi tirẹ̀ sí i. Bí onílé bá wá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé, olè á kàn sọ fún Google pé òun gbàgbé, kóòdù á sì wọlé sórí fóònù rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá tètè jí sì láǹfààní kan: bí wọ́n bá yí nọ́ńbà tàbí ímeèlì ìgbàpadà yìí, Google ṣì lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí ti àtijọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò mójú tó o lẹ́yìn ọjà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè pàdánù rẹ̀.

Ní Benin, nǹkan mìíràn wà lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà tẹlifóònù orílẹ̀-èdè yìí ti kúrò ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo wọn. Ẹni tó ṣí àpótí ímeèlì rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà ẹlẹ́mẹ̀ẹ́jọ ló kọ síbẹ̀. Kí ó lọ wò ó, kí ó rí i pé 01 ti wà lẹ́yìn +229. Bí nọ́ńbà náà bá sì jẹ́ ti síìmù tó ti sọ nù láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè gbé nọ́ńbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹlòmíràn.

Ímeèlì kejì tí a kọ síbẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Ọ̀rọ̀ Mat Honan, tó jẹ́ akọ̀ròyìn Wired ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ gba orúkọ rẹ̀ lórí Twitter rí i pé ímeèlì Apple rẹ̀ ni Gmail rẹ̀ ń lò fún ìgbàpadà. Wọ́n pe Amazon, wọ́n rí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì rẹ̀. Wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́rin náà àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ pe Apple, Apple ṣílẹ̀kùn fún wọn. Láti ibẹ̀ wọ́n wọ Gmail, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, títí kan àwòrán ọmọ rẹ̀. Àpótí tí a kò lò mọ́, tí a sì fi ṣe alágbàtọ́ fún àpótí tí à ń lò, ni ẹsẹ̀ olè máa ń gbà.

Bákan náà ni ìbéèrè ààbò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tennessee, David Kernell, wọ àpótí Yahoo Sarah Palin, ẹni tó ń díje fún ipò igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò ní ẹ̀rọ àràmàǹdà kankan. Yahoo béèrè ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ìlú àti ibi tí obìnrin náà ti pàdé ọkọ rẹ̀, ó sì wá gbogbo rẹ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ṣábẹ̀, ta ni kò mọ orúkọ ìyá ẹni, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹni lọ, agbo ilé tí wọ́n bí ẹni sí? Bí àkáǹtì kan bá ṣì ń béèrè irú nǹkan báyìí, kí onítọ̀hún fún un ní ìdáhùn tí kì í ṣe òtítọ́, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ nílé.

Olùkọ́ ṣí “Paramètres”, ó yan “Voir tous les paramètres”. Ibẹ̀ ni yàrá inú lọ́hùn-ún wà.

Ó kọ́kọ́ tẹ “Transfert et POP/IMAP”. Bí àdírẹ́sì àjèjì bá wà níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó bá ń wọlé ni ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ bá olè, láìjẹ́ pé ó tún wọlé mọ́. Ó yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ó lọ sí “Filtres et adresses bloquées”, nítorí pé bí a bá tilẹ̀ pa ètò tó ń ta gbogbo lẹ́tà lọ, asẹ́ kan ṣoṣo ṣì lè máa ta lẹ́tà tó bá ní ọ̀rọ̀ “banque” tàbí “facture” nínú. Ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe asẹ́ rí kò yẹ kó bá ọ̀kankan níbẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ náà, àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n ti dí lọ́nà wà: olè lè dí àdírẹ́sì oníbàárà gan-an, kí lẹ́tà rẹ̀ máa ṣubú sínú “Spam”.

“Tàǹtí, ta ni ẹni yìí?” Olùkọ́ ti dé “Comptes et importation”. Àdírẹ́sì tí yóò gba èsì lẹ́tà ni ó ń wò. Orúkọ Tàǹtí náà ni, àmọ́ òdo ni wọ́n fi rọ́pò lẹ́tà “o” kan. Bí Tàǹtí bá kọ̀wé sí Kútọnú, lẹ́tà á lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá tẹ “Répondre”, ọ̀dọ̀ olè ni èsì ń bọ̀ sí. Olè á wá dá a lóhùn: “Nọ́ńbà báńkì mi ti yí padà.” Nínú yàrá kan náà ni “Autoriser l'accès à votre compte” wà, níbi tí ènìyàn ti lè fún ẹlòmíràn láṣẹ láti máa ka lẹ́tà rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ẹlòmíràn náà. Aláṣẹ bẹ́ẹ̀ kò bìkítà bí onílé bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé nígbà ogún. Kí wọ́n tún wo ìbuwọ́lù tó ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà àti “Réponse automatique”, kí nọ́ńbà fóònù olè má lọ fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìdákejì iṣẹ́ náà wà nínú àkáǹtì Google, níbi tí orúkọ áàpù àti ojúlé tó láṣẹ láti wọ àpótí wà. Eré, áàpù àwòrán, áàpù tí ẹnì kan fi síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: gbogbo wọn ló ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tiwọn. Èyí tí a kò bá lò, kí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilé bá ti mọ́ tán ni kí á tó fi ọ̀pá ìdábùú sí ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì, tí ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan kò fi ní tó mọ́. Bí a bá ṣe é kí ilé tó mọ́, a lè fi olè sínú ilé pẹ̀lú wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Google sọ pé nọ́ńbà fóònù ìgbàpadà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè nìkan, kí a tó fi ọ̀pá yìí kún un, lè dí gbogbo ìkọlù tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ lọ́nà, kí ó dí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìlujá ẹ̀tàn tí wọ́n ń fọ́n káàkiri, àti ìdá 66 nínú èyí tí olè dojú rẹ̀ kọ ẹnì kan pàtó. Kóòdù àfẹ̀yìntì mẹ́wàá tí Google ń fúnni fún ìgbésẹ̀ méjì náà, kí á kọ wọ́n sórí ìwé. Bí olè bá ti rí àwọn ti tẹ́lẹ̀, kí á gba tuntun.

Lẹ́tà tí olè pa rẹ́ ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn olè wọ àpótí Deborah Fallows, ìyàwó James Fallows tó ń kọ̀wé fún The Atlantic ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé àwọn ọlọ́ṣà dá a lọ́nà ní Madrid. Nígbà tó gba àpótí náà padà, ó bá a ní òfìfo: lẹ́tà ọdún mẹ́fà ti lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Google ló padà bá a wá wọn rí. Ohun tó wà nínú “Corbeille” máa ń pẹ́ tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó pòórá, nítorí náà ibẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ tú. Kí á tú “Messages envoyés” náà, kí á lè mọ ẹni tí olè kọ̀wé sí lórúkọ wa.

Orúkọ àwọn wọ̀nyẹn ni Tàǹtí kọ sílẹ̀, mẹ́tàdínlógún. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Kò kọ ímeèlì sí wọn, nítorí pé ta ni yóò gba ímeèlì gbọ́ lọ́jọ́ náà? Ó bá oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnú sọ ọ́ láti ẹnu sí ẹnu pé nọ́ńbà báńkì òun kò yí padà, àti pé bí ó bá tún gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí ó gbọ́ ohùn òun kí ó tó sanwó. Ó tún pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé Facebook àti ti áàpù báńkì, nítorí pé ìlujá ìyípadà gbogbo wọn ń gba inú ímeèlì kọjá.

Ẹni tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Òfin kan wà ní Benin, Code du numérique, òfin 2017-20 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, tó sọ wíwọ ẹ̀rọ tàbí àpótí ẹlòmíràn láìgba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Kútọnú ni CNIN, bjCSIRT sì ni ẹgbẹ́ ìjọba tó ń gba ìròyìn ìkọlù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọmísáríà tó wà nítòsí lè gba ẹjọ́ náà pẹ̀lú. Kí wọ́n ya àwòrán asẹ́, àdírẹ́sì àjèjì àti wákàtí tó wà nínú “Détails” kí wọ́n tó pa wọ́n rẹ́, nítorí pé bí olùkọ́ ṣe ń nu ilé, ipa ẹsẹ̀ olè náà ló ń nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ padà wá. Wọ́n tún ṣí yàrá gbogbo: asẹ́ kò sí, àdírẹ́sì olódo kò sí, nọ́ńbà Tàǹtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú 01 rẹ̀. Wọ́n ṣí ibi tí orúkọ àwọn ẹ̀rọ wà, méjì péré ló kù, fóònù Tàǹtí àti kọ̀ǹpútà olùkọ́.

“Èkejì yìí ńkọ́?” ni Tàǹtí béèrè.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó lé kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ jáde.